Kọ̀ráńtíìnì kọ́ ni kónílé-ó-gbélé

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kónílé-ó-gbélé tí ìjọba ṣe lọ́dún 2020 náà ni òyìnbó ń pè ní kọ̀ráńtíìnì? Kí ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí gan-an?

Ìdáhùn: Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Onílé ni kónílé-ó-gbélé ń bá wí: má jáde. Àlejò ni kọ̀ráńtíìnì ń bá wí ní tirẹ̀: má tíì wọlé.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Venice, ní Ítálì, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. “Quaranta” ni wọ́n ń pe ogójì, ogójì ọjọ́ sì ni ọkọ̀ ojú omi fi ń dúró kí èrò inú rẹ̀ tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n pè ní Ikú Dúdú ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n yẹn. Ní October 1347, ọkọ̀ àwọn ará Genoa gbé e dé Messina, ní erékùṣù Sicily. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti pa ó kéré tán ẹnì kan nínú mẹ́ta ní Yúróòpù. Ojú omi ni ikú gbà wọlé, èbúté náà ni wọ́n sì lọ dè é sí.

Venice kọ́ ló kọ́kọ́ ṣòfin o. Ragusa ni, ìlú tó ń jẹ́ Dubrovnik ní Croatia lónìí, ní 1377. Ẹni tó bá ti ibi tí àrùn wà bọ̀ gbọ́dọ̀ lo oṣù kan ní erékùṣù Mrkan tàbí ní Cavtat kó tó wọ̀lú. Ọmọ ìlú tó bá yọ́ lọ bẹ̀ wọ́n wò, òun náà á jókòó tì wọ́n fún oṣù kan. (Wọ́n mọ ọmọ aráyé!) Ọgbọ̀n ọjọ́ ló jẹ́ nígbà náà. Bó ṣe wá di ogójì, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹ̀sìn wà níbẹ̀: ààwẹ̀ Jésù, ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ kòkòrò àrùn náà títí onímọ̀ ìṣègùn kan, Alexandre Yersin, fi rí i ní Hong Kong ní 1894. Eku àti kòkòrò tíntín tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára wọn ló ń gbé e kiri. Eku ò sì mọ òfin ogójì ọjọ́.

Kó tó dòfin, ẹ̀sùn ni. Wọ́n ní àwọn Júù ló da májèlé sínú kànga. Ní 14 February 1349, ará Strasbourg, ìlú tó wà ní Faransé lónìí, dáná sun ọ̀pọ̀lọpọ̀ Júù, bẹ́ẹ̀ àrùn ọ̀hún ò tíì dé ìlú wọn rárá. Póòpù Clement VI ti kọ̀wé lọ́dún tó ṣáájú pé àrùn yìí ń pa Júù náà bó ṣe ń pa ẹlòmíì. Etí ikún ni wọ́n kọ sí i. Àwọn tí wọ́n sun yẹn kì í sì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀; aládùúgbò wọn ni.

Bí ẹ bá fẹ́ fi Yorùbá pe kọ̀ráńtíìnì, ìyàsọ́tọ̀ bá a mu ju kónílé-ó-gbélé lọ. Kónílé-ó-gbélé ayé ijọ́un, Milan, ní Ítálì, ni kí ẹ wò. Ìtàn sọ pé ilé mẹ́ta tí àrùn náà kọ́kọ́ wọ̀ níbẹ̀, ṣe ni wọ́n mọ ògiri dí ẹnu ọ̀nà wọn, aláìsàn àti ẹni tára rẹ̀ le nínú ilé kan náà.