Èsì: Àṣẹ ààrẹ kì í ṣe òfin
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè ìdí tí àwọn kan fi tún ń wá òfin lórí èdè nígbà tí Ààrẹ Trump ti kéde Gẹ̀ẹ́sì ní èdè ìjọba Amẹ́ríkà. Àṣẹ lásán ló fọwọ́ sí lóṣù kẹta ọdún 2025. Ààrẹ mìíràn lè fagi lé e, bí òun náà ṣe fagi lé àṣẹ tí Ààrẹ Clinton pa lọ́dún 2000 láti ran àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lọ́wọ́. Ilé aṣòfin nìkan ló lè sọ ọ́ di òfin.

Ẹ wo òfin ìdìbò tí wọ́n tún ṣe ní 1975: níbi tí àwọn elédè Sípáníìṣì tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa bá ti pọ̀ dé ìwọ̀n kan, dandan ni kí ìwé ìdìbò wà lédè wọn. Àṣẹ ààrẹ ò tó o fọwọ́ kàn, àmọ́ òfin tuntun lè pa á rẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.