Ẹ Bi Wá Léèrè: Server Kan Ṣubú, Ímeèlì Méjì Dé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-ìfowópamọ́ kékeré kan l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Server mẹ́ta la fi Pacemaker àti Corosync, ètò tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ server ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan, so pọ̀, kí PostgreSQL wa, níbi tí à ń kó àkọsílẹ̀ sí, má baà dákẹ́ bí ọ̀kan bá kú. Ọwọ́ ni mo fi ṣètò ìkìlọ̀ sórí wọn. Bí node kan (ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn server náà) bá kúrò, ímeèlì méjì ló sábà máa ń wọlé fún ọ̀rọ̀ kan náà; bó bá padà, wọ́n tún máa ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí PostgreSQL bá ṣubú lórí node kẹta, mi ò ní í rí ẹyọ ìkìlọ̀ kan. Ọ̀gá mi ní kí n wá ọ̀nà tí kò fi ní í jẹ́ pé ọwọ́ la ó máa fi ṣe é mọ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
*Olùkàwé kan, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú làálàá. Ẹjọ́ méjì lo kó wá. Èyí tí kò mú ìkìlọ̀ wá rárá ló burú jù, nítorí náà jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó o tẹ `pcs alert create`, àṣẹ tó ń dá ìkìlọ̀ sílẹ̀, inú CIB, ìwé ìṣètò Pacemaker, ni àṣẹ yẹn wọ̀, CIB sì jẹ́ ti gbogbo cluster, ìyẹn àpapọ̀ server mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹsẹ̀, node mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ̀ pé script kan, fáìlì àṣẹ tó ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́, wà ní `/var/lib/pacemaker/alert_smtp.sh`. Ṣùgbọ́n Pacemaker kì í bá ọ pín script yẹn káàkiri, ìwọ lo máa gbé e síbẹ̀. Ìkìlọ̀ tó bá sì jẹ mọ́ resource, ìyẹn ohun tí Pacemaker ń bójú tó bíi PostgreSQL, orí node tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ nìkan ló ti ń jáde. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé script kò sí lórí node kẹta rẹ, tàbí kó wà níbẹ̀ láìní àṣẹ àtiṣiṣẹ́. Wọlé síbẹ̀, tẹ `ls -l /var/lib/pacemaker/`, kó o fojú ara rẹ rí i. Rántí pé òǹlò tó ń jẹ́ hacluster ló ń pe script yẹn, kì í ṣe root, òǹlò tó lágbára jù. Èyí tó o fi root dán wò tó ṣiṣẹ́ lè kọ̀ jálẹ̀ lọ́wọ́ hacluster, pàápàá bó bá ní fáìlì tó fẹ́ kọ nǹkan sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń fọwọ́ ṣe é nìyẹn: á ṣe é tán lórí node méjì, fóònù á dún, ẹ̀kẹta ti bọ́ sọnù nìyẹn.

Ansible, irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí ọ̀pọ̀ server, lèmi máa lò, playbook kan péré, ìyẹn ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ló gbà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni `copy`, tí yóò gbé script lọ sórí gbogbo node pẹ̀lú mode 0755, ìyẹn àṣẹ àtiṣiṣẹ́. Àpẹẹrẹ script náà wà ní `/usr/share/pacemaker/alerts/`, orúkọ rẹ̀ parí sí `.sample`, dà á kọ, má fọwọ́ kan èyí tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni `pcs alert create`, níbi tí o ó ti fún ìkìlọ̀ náà ní id, ká ní smtp_alert, àti `pcs alert recipient add`, tó ń sọ ẹni tí ìkìlọ̀ ń lọ bá. Fi `run_once: true` sí àwọn méjèèjì, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni cluster nílò wọn. Bó o bá tún playbook yẹn lò lẹ́ẹ̀kejì, pcs á pariwo pé id náà ti wà tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ á sì dúró. Nítorí náà, jẹ́ kó kọ́kọ́ ka ohun tí `pcs alert` bá sọ, kó fo àwọn méjèèjì bí smtp_alert bá ti wà níbẹ̀. Playbook tó o bá ń bẹ̀rù láti lò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, ọwọ́ lo ṣì fi ń ṣe é.

Ó wá ku ímeèlì tó ń pọ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Bí node bá wọlé tàbí tó jáde, gbogbo node tó wà láàyè ló ń ròyìn rẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ script tí yóò pa àwọn ìyókù lẹ́nu mọ́, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀. Èmi ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó o yàn pé kó máa sọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ ẹni tó máa kú. Jẹ́ kí gbogbo wọn ké, kó o wá fi Alertmanager, ètò tó ń gba ìkìlọ̀ jọ kó tó fi wọ́n ránṣẹ́, ṣe àgbà láàárín wọn. Dípò kí script fi ímeèlì ránṣẹ́, kó fi `amtool alert add`, àṣẹ Alertmanager, gbé ìròyìn náà fún un, pẹ̀lú label (àmì ìdánimọ̀) tó dárúkọ node tó ṣubú. Má fi orúkọ node tó ń ròyìn sínú label o! Ìkìlọ̀ tí label wọn bá dọ́gba, ọ̀kan ni Alertmanager kà wọ́n sí. Bí label bá yàtọ̀, ímeèlì méjì rẹ tún ti padà dé. Bí o kò bá sì sọ ìgbà tí ìkìlọ̀ náà máa parí, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 Alertmanager á gbà pé ó ti tán, bí o kò bá yí ìṣètò rẹ̀ padà. Má rò pé node ti jí nìyẹn.

Inú script kan náà ni kó o ti gé ariwo. Pacemaker máa ń fi `CRM_alert_rc` lé e lọ́wọ́, ìyẹn àbájáde tó rí, àti `CRM_alert_target_rc`, èyí tó ń retí. Bí méjèèjì bá dọ́gba, kí script jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń wo bóyá rc, ìyẹn àbájáde náà, jẹ́ 0 (ó yọrí sí rere) nìkan. Bí Pacemaker bá ń yẹ node tí kò yẹ kí PostgreSQL wà wò, 7 ló ń retí, torí 7 ló túmọ̀ sí pé kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí la fẹ́ jí ènìyàn lóru sí fún ìyẹn?

Má gbé Alertmanager sórí ọ̀kankan nínú server mẹ́ta yẹn, má sì jẹ́ kó bá wọn gbé yàrá kan. Bí iná bá lọ, tí inverter sì rẹ̀, òkú kì í kéde ara rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ímeèlì sì ń gùn. Bó bá jẹ́ òun ló já, inú queue, ìlà tí wọ́n ti ń dúró, ni ìkìlọ̀ rẹ máa sùn sí. Ra modem GSM kékeré kan, fi SIM sí i, kí Gammu, ètò tó ń darí modem, máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Kí ẹnì kan sì máa rántí ra káàdì sí SIM yẹn. Mo ti rí ibi tí gbogbo nǹkan ti pé, àfi náírà mélòó kan.

Kó o tó sọ fún ọ̀gá pé o ti parí, wá àsìkò tí oníbàárà ò pọ̀, tẹ `pcs cluster stop` pẹ̀lú orúkọ node kan, kó o wo fóònù rẹ. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo nípa node yẹn ló yẹ kó dé. Jẹ́ kó padà wọlé tán kó o tó kan òmíràn, torí méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà láàyè kí quorum, iye node tí cluster nílò láti máa ṣiṣẹ́, tó pé. Lẹ́yìn náà, gbé PostgreSQL lọ sórí node kẹta, kó o pa á níbẹ̀.

Ìbéèrè: Alertmanager méjì la ní. Ṣé ká fi load balancer, ohun tó ń pín iṣẹ́ láàárín server, síwájú wọn kí Prometheus, ètò tó ń ṣọ́ server tó sì ń gbé ìkìlọ̀ wá, máa bá ọ̀kan sọ̀rọ̀?
*Olùkàwé kan, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Rárá o. Kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìṣètò Prometheus, kó máa fi gbogbo ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Àwọn fúnra wọn ló máa bá ara wọn sọ ẹni tó ti ránṣẹ́, kí ìwọ má baà gba ẹ̀dà méjì. Bí wọn ò bá ríra wọn, àwọn méjèèjì ló máa pè ọ́. Nítorí náà, ṣí port 9094, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, láàárín wọn, fún TCP àti UDP, ọ̀nà méjì tí ìsọfúnni ń gbà lọ. UDP lọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé.