Àpótí tí Aṣọ́bodè Ṣí ní Stansted

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n ní òfin ìlú kì í mú aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, a kì í sì í tú ẹrù wọn wò. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ṣí àpótí tí wọ́n gbé Umaru Dikko, mínísítà Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n jí gbé, sí ní Ìlú Ọba lọ́dún 1984?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Lábẹ́ Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961, ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú aṣojú, ilé-ẹjọ́ kò sì lè gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn lórí rẹ̀, àfi bí ìjọba tí ó rán an níṣẹ́ bá yọ ààbò náà kúrò. Èyí tí ó kù fún ìlú tí ó gbà á lálejò ni pé kí ó lé e padà sílé.

Ní ti ẹrù ilé-iṣẹ́ aṣojú, àpò tí àmì ilé-iṣẹ́ aṣojú hàn gbangba lára rẹ̀ nìkan ni àdéhùn náà dáàbò bò. Àpótí méjì tí wọ́n fẹ́ fi bàálù kó láti pápákọ̀ òfuurufú Stansted lọ sí Èkó ní ọjọ́ 5 oṣù Keje kò ní àmì tí ó péye, ibẹ̀ sì ni àwọn aṣọ́bodè ti rí wọn mú. Dikko wà nínú ọ̀kan, wọ́n ti fi oògùn kùn ún lóorun, dókítà kan sì jókòó tì í (ẹ sáà wo ìyẹn!). Lójú tèmi, àmì gan-an kì bá tí gbà wọ́n, nítorí ìwé àti ohun èlò iṣẹ́ ìjọba nìkan ni àdéhùn náà ní kí a kó sínú irú àpò bẹ́ẹ̀.