Ẹ̀rọ Brewer: kí ló dé tí ozone fi ń wálẹ̀ nírọ̀lẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Brewer tí a fi ń wọn ozone lójú oòrùn ń fún wa ní 260 DU (Dobson Unit, ìwọ̀n ozone tó wà lókè wa) lọ́sàn-án gangan, àmọ́ bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ó ń bọ́ sí 250. Ṣé ozone ló ń dín kù ni, àbí ẹ̀rọ ló ń ṣì wá lọ́nà?

ÌDÁHÙN: Ẹ wo ti òwúrọ̀ ná.

Bí òwúrọ̀ bá ga ju ọ̀sán lọ, tí ìrọ̀lẹ́ sì kéré sí i, aago ni. Brewer kì í fojú wá oòrùn. Aago kọ̀ǹpútà àti ibi tí ẹ ní òun wà lórí máàpù ló fi ń ṣírò rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti ń mọ bí ọ̀nà tí ìtànṣán gbà la ozone kọjá ṣe gùn tó. Nílẹ̀ olóoru, tí oòrùn ti ń wọ̀ gbọọrọ, bí ọ̀nà yẹn bá ti di ìlọ́po 3 ti ìgbà tí oòrùn wà lókè orí gan-an, aago tó fi ìṣẹ́jú kan yá máa sọ 260 di nǹkan bí 263 láàárọ̀, á sì sọ ọ́ di 257 nírọ̀lẹ́. DU mẹ́wàá tiyín lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ! Ẹ tẹ SI, àṣẹ tó ń mú ẹ̀rọ kọjú sí oòrùn, kí ẹ yọjú wo ojú ihò: bí àwòrán oòrùn kò bá sí láàárín, ẹ ti rí ẹlẹ́rìí.

Bí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ bá jọ wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ṣáko wọlé ni. Lásìkò yẹn, ozone ti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán 310.1 nm mì. Ìmọ́lẹ̀ mìíràn tó yọ́ wọlé á wá fi kún ìwọ̀nba tó kù, ẹ̀rọ á ní ozone kò pọ̀. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po 4, ozone 260 DU tí ìtànṣán ń là kọjá á dà bí 1040. MkII àti MkIV, irú Brewer tó ń ya ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò ṣeé gbára lé níbẹ̀. MkIII, tó ń ya ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣì lè fara dà á. Kò sí àtúnṣe tí ọwọ́ yín lè ṣe, ẹ kàn yọ àwọn wíwọ̀n yẹn kúrò.

Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀sán gan-an ló ń purọ́. Bí ETC (iye tí ẹ̀rọ ìbá kà lókè òfuurufú, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́) bá fi 10 yẹ̀, DU 3 ni yóò yí padà lọ́sàn-án, àmọ́ 1 péré ni nígbà tí ọ̀nà bá di ìlọ́po 3. Ẹ tẹ HG (ìdánwò fìtílà mercury), lẹ́yìn náà SL (ìdánwò fìtílà àfiwé inú ẹ̀rọ), kí ẹ fi R6, iye tí SL fún yín, wé ti ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdíwọ̀n ẹ̀rọ náà kẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ aago lẹ tún ṣe, ẹ má pa fáìlì B àtijọ́ rẹ́. Iye tútù tí ẹ̀rọ kà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá mọ ìṣẹ́jú tí aago fi yẹ̀, ẹ lè tún gbogbo rẹ̀ ṣírò.