Ṣé ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 lè wọ inú Toyota Corolla tó ń lo lítà 1.8?

Ó lè wọ̀ ọ́, nítorí Toyota fúnra wọn fi ẹ́ńjìnnì 2.4 sínú Corolla XRS ọdún 2009 àti 2010 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá lọ ra tòkunbọ̀ rẹ̀ ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, ẹ gbà á pẹ̀lú gíá, wáyà àti brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) tirẹ̀, nítorí brain box 1.8 kò lè díwọ̀n epo fún un bó ṣe yẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ìdérí ọ́ílì wò; bí abẹ́ rẹ̀ bá funfun bí ògì, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ ọ́ílì. Nítorí pé agbára 2.4 ju ti 1.8 lọ, bíréèkì tó lágbára pọn dandan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í mẹ́nu bà á. Ẹ sì yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì inú ìwé ọkọ̀ yín padà.