Iná lọ, gbogbo pọ́ọ̀tù padà sí VLAN 1

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà o. Ẹ ní ẹ pín VLAN (ọ̀nà tá a fi ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀) sórí swíìṣì Cisco (àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) tó wà níléèwé yín, ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, NEPA wá mú iná, nígbà tíná dé gbogbo nǹkan ti dàrú, ẹ wá ń rò pé swíìṣì ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá. Ẹ tẹ show vlan brief kẹ́ ẹ wò ó, orúkọ àwọn VLAN tẹ́ ẹ dá á ṣì wà níbẹ̀, torí inú fáìlì vlan.dat ló ń gbé, orí flash, ibi ìpamọ́ inú swíìṣì, nìyẹn wà, iná tó lọ ò lè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo pọ́ọ̀tù, ihò tí wáyà ń wọ̀, á ti lọ kó jọ sí VLAN 1, èyí tó bá swíìṣì wá. Inú running-config, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, lẹ ti ṣiṣẹ́ yẹn, orí RAM, ibi ìrántí onígbà díẹ̀, ló sì wà, tíná bá ti lọ ó parí nìyẹn. Startup-config ni swíìṣì máa ń kà tó bá ń jí. Copy running-config startup-config, àṣẹ tó ń fi ti running pamọ́ sínú startup, lẹ ò ṣe, tàbí kẹ́ ẹ kàn tẹ wr, ọ̀kan náà ni.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí èyí máa tẹ wr lẹ́yìn gbogbo ìlà o. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí.

Mo wà nílé ní Bódìjà lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi SSH (ọ̀nà tá a fi ń wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè) wọ swíìṣì ọ́fíìsì kan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà, mo fẹ́ fi VLAN 30 kún trunk (ọ̀nà kan tó ń gbé VLAN púpọ̀ kọjá) tó so swíìṣì ìsàlẹ̀ mọ́ tòkè. 10 àti 20 ló ti wà níbẹ̀, 10 yẹn gan-an ni mo sì gbà wọlé. Mo tẹ switchport trunk allowed vlan 30, mo lu Enter. Ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Mo tún lu Enter, kò dáhùn, àyà mi já. Àṣẹ yẹn kì í fi kún nǹkan, ṣe ló máa ń nu gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ kó tó kọ tuntun, switchport trunk allowed vlan add 30 ló yẹ kí n tẹ̀. Add yẹn péré! Mo wọ Micra lóru, ọdẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, mo gun òkè, mo yọ wáyà iná swíìṣì, mo fi padà, ó jí, gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà, torí pé mi ò tíì tẹ wr. Ohun tó ba iṣẹ́ tiyín jẹ́ gan-an ló yọ mí.

Látìgbà yẹn, tí mi ò bá sí nítòsí tí mo sì fẹ́ fọwọ́ kan trunk tàbí IP (àdírẹ́sì swíìṣì) tí mo gbà wọlé, màá kọ́kọ́ rí i pé èyí tó ń ṣiṣẹ́ ti wà ní startup, màá wá tẹ reload in 10. Tí mo bá ti ara mi mọ́ta, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 swíìṣì á tún ara rẹ̀ tàn, á padà sí ti tẹ́lẹ̀. Tó bá ṣiṣẹ́, mo wo show interfaces trunk, mo rí 10,20,30, mo ping láti rí i pé ẹ̀rọ ń dáhùn, mo tẹ reload cancel, lẹ́yìn náà ni wr. Ẹ má gbàgbé cancel yẹn o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ swíìṣì á kú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́, fóònù tó ń gba PoE (iná tó ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) lára rẹ̀ náà á kú.

Tiyín báyìí, ẹ fi wáyà console, èyí tó so láptọ́ọ̀pù mọ́ swíìṣì tààrà, wọlé, ìyára 9600, kẹ́ ẹ lo interface range kó má baà jẹ́ pé pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa tò. Ẹ fi láptọ́ọ̀pù dán yàrá kọ̀ọ̀kan wò, ẹ tẹ wr, kẹ́ ẹ sì da show run, tó ń fi gbogbo ètò hàn, sínú fáìlì kan fún ọjọ́ míì. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yọ iná swíìṣì yẹn nígbà tẹ́ ẹ ṣì dúró tì í. Tó bá jí, tí show vlan brief ṣì fi gbogbo pọ́ọ̀tù hàn níbi tẹ́ ẹ fi wọ́n sí, ẹ lè máa lọ sílé.