Ẹja amọ̀ tó ń bẹ́ nínú iná: omi ni, kì í ṣe afẹ́fẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé. Mo ń fi amọ̀ mọ ẹja àti ewé kókò fún ẹ̀ṣọ́ pálọ̀. Ẹja mẹ́ta ló ti bẹ́ mọ́ mi nínú iná, ṣùgbọ́n ewé kò bẹ́ rí. Ẹnì kan lórí WhatsApp ní afẹ́fẹ́ ló há sínú amọ̀ mi, pé òun ní ìyẹ̀fun tó ń lé e jáde, ₦15,000 ike kan. Ṣé kí n rà á? Mo tún fẹ́ fi ìkarahun ìṣáwùrú ṣe ìpẹ́ ẹja. Ọ̀dà wo ni mo sì lè fi kun ewé náà táá ṣeé bu oúnjẹ sí?

ÌDÁHÙN: Má rà á. Wọ́n ti bi mí léèrè ìyẹ̀fun yìí títí, ó ti sú mi, inú sì ti ń bí mi sí àwọn tó ń tà á.

Àbúrò mi, ìwọ fúnra rẹ ti dáhùn ìbéèrè rẹ, o kàn fò ó kọjá ni. Ewé kò bẹ́ rí. Amọ̀ kan náà, iná kan náà, ọwọ́ kan náà. Ewé fẹ́lẹ́, ẹja ki. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Omi ló ń fọ́ ẹja rẹ. Amọ̀ lè le, kí ojú rẹ̀ funfun, kí o rò pé ó ti gbẹ, omi á ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí iná bá ti kọjá 100°C, omi yẹn á di ooru. Ṣé o ti rí bí ìdérí ṣe ń jó lórí ìkòkò ìrẹsì tó ń hó? Ooru náà nìyẹn, ó sì ráyè jáde níbẹ̀. Omi lítà kan tó bá di ooru á gba ààyè tó ju 1,600 lítà lọ. Nínú ẹja tó ki, kò rọ́nà jáde kíákíá, ló bá fọ́ ilé. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Bí o bá sè é láti 27°C dé 927°C, ìlọ́po mẹ́rin péré ló ń fẹ̀, amọ̀ sì ní ihò tín-ín-tìn-ín tó lè gbà jò jáde. Mo ti sun ẹyẹ amọ̀ oníhò nínú tí mo dí pa, afẹ́fẹ́ kún ikùn rẹ̀, kò fọ́, torí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹ́ kó gbẹ.

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ afẹ́fẹ́ pẹ́ nílẹ̀ ni pé ìmọ̀ràn tó ń bá a rìn máa ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní kí o gbẹ́ inú ẹja kí afẹ́fẹ́ lè jáde. O gbẹ́ ẹ, ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó gbẹ dénú, kò bẹ́. Ẹ̀ ń kan sáárá sí afẹ́fẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹja bá le bí ẹ̀kọ tútù, là á sí méjì, fi ṣíbí wa inú rẹ̀ títí ara rẹ̀ kò fi ní nípọn ju ìka kékeré lọ. Ha etí méjèèjì, fi amọ̀ ṣíṣàn bí ògì lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí o sì dá ẹnu ẹja lu, kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Fi ọ̀rá bo lẹbẹ̀ àti ìrù, torí wọ́n máa ń yára gbẹ ju ara lọ, wọ́n á sì sán. (Sísán yàtọ̀ sí bíbẹ́ o.) Gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ: bó bá tutù, omi ṣì wà níbẹ̀. Ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nígbà òjò, sùúrù rẹ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti ọyẹ́ lọ. Lóòótọ́, ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á gbóná, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kó gbóná lójijì. Jẹ́ kí iná wà lábẹ́ 100°C fún wákàtí mélòó kan kó tó pọ̀.

Ìkarahun? Má sun ún mọ́ amọ̀. Bí iná bá dé nǹkan bí 850°C, yóò di ohun funfun tó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á wú, á ṣí ìpẹ́ kúrò lára ẹja rẹ níbi tó jókòó sí lórí pẹpẹ. Bernard Palissy, amọ̀kòkò ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí 1550 sí 1590, lókìkí fún àwo tó kún fún ẹja, ejò àti ìkarahun, ṣùgbọ́n àwòkọ́ ni: ó fi ẹranko gidi ṣe móòdù (ihò tó gbé àwòrán wọn), ó sì tẹ amọ̀ sínú rẹ̀. Ìwọ náà, tẹ ìṣáwùrú mọ́ amọ̀, kí o yọ ọ́.

Ọ̀dà ilé àti ọ̀dà mọ́tò kì í ṣe ti oúnjẹ. Kódà glaze, ìyẹn ìbora dídán tí iná ń yọ́ bíi dígí, àwọn kan ní òjé, tó jẹ́ májèlé, nínú, ti Palissy pàápàá ní in. Èmi ò rí èyí tí o fẹ́ rà, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ewé rẹ, ẹ̀ṣọ́ ni kó jẹ́.

Ẹja mẹ́ta tó bẹ́ ńkọ́, ṣé o ti dà wọ́n nù? Ju àfọ́kù kan sínú omi mọ́jú. Bó bá yọ́, iná kò jó o, amọ̀ lásán ni. Bí kò bá yọ́, àpáàdì ni: gún gbogbo rẹ̀, fi ìbòjú bo imú nígbà tí o bá ń gún un, kí o pò ó mọ́ amọ̀ ẹja kẹrin. Á jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni, kì í ṣe ₦15,000.